Máyà Ń Lọ sí Ìjagun

Lọ́dún tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló gbẹ̀yìn nínú ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Gbọ̀ngàn ìdíje rí bí ọjà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti lè ti ara rẹ̀ dé ìdí tábìlì ló ń sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé lọ kò kúrò lójú kan. Ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ló gba ife, wọ́n ń fọn fèrè mọ́tò lọ sílé, Rose sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí ariwo náà fi jìnnà. Ó dùn ún wọra. Ó ní tọdún yìí kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn mẹ́rin ló ń pàdé ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n bá ti lu aago àjáde: Rose, Ràsákì, Micah àti Simeon. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, orúkọ ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Àǹtí Moṣọpẹ́, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ló ń bójú tó wọn. Kì í pariwo mọ́ wọn, àfi tí wọ́n bá ń jà.

Wọ́n sì ń jà. Ràsákì ní òun ni òun máa tẹ bọ́tìnì lọ́jọ́ ìdíje. Micah ní ta ló fi í joyè? Simeon ní ẹni tó bá tún fọwọ́ kan wáyà òun yóò rí pupa ojú òun.

Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí rọ́bọ́ọ̀tì ṣe kò ṣòroó sọ. Yóò tẹ̀lé ìlà dúdú lórí pákó, yóò gbé agolo tòmátì kan, yóò sì gbé e kalẹ̀ níbi tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan yóò ṣàlàyé fún àwọn adájọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Rose ló fẹ́ ṣàlàyé.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ?" Micah bi í.

"Nítorí pé o máa ń kólòlò tí o bá ti rí èèyàn púpọ̀."

Micah ní òótọ́ ni.

Ike bọ́tà ni wọ́n fi ṣe ara rọ́bọ́ọ̀tì náà. Máyà ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé yíyà ló mọ̀ ọ́n yà. Tó bá ti dé kọ́nà kejì, á fi ìlà dúdú sílẹ̀, á lọ forí sọ ẹsẹ̀ tábìlì. Micah ní bóyá ó ní ẹbí níbẹ̀. Simeon, tó ń kọ ìlànà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tún un kọ títí ó fi sú u. Àga ibẹ̀ kéré, orúnkún rẹ̀ ń kan tábìlì, ó ń kùn pé ẹ̀yìn ń dun òun.

"Ọ̀lẹ," ni Ràsákì wí, ó bá jáde lọ kírun Àsárì.

Nígbà tó padà dé, ó dúró sẹ́bàá fèrèsé, òjìji rẹ̀ bo pákó náà. Máyà dé kọ́nà kejì, kò yà.

"Oòrùn ni!" Ràsákì kígbe. "Oòrùn ló ń ràn án lójú!"

Wọ́n gé agolo mílíìkì, wọ́n fi ṣe fìlà fún ojú rọ́bọ́ọ̀tì náà. Ó lọ, ó gbé agolo tòmátì, ó gbé e kalẹ̀ síbi tó yẹ. Micah fò sókè, ó jókòó padà tagbáratagbára, ẹsẹ̀ àga kán. Àǹtí Moṣọpẹ́ gbé àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn tó kù náà fọwọ́ kan rọ́bọ́ọ̀tì yìí kí ọjọ́ tó pé."

Rose gbá Máyà mọ́ra. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á bà á jẹ́. Ṣé ẹ rí i, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níta. Wọn ò tiẹ̀ bìkítà."

"Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí."

"Ọwọ́ mẹ́jọ la ní níbí," Ràsákì fèsì.

Àǹtí Moṣọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé.

Láti ọjọ́ yẹn, Rose ń ka àlàyé rẹ̀ sórí nílé ìdáná, ó ń kà á níwájú díńgí. "Ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù," ó sọ fún Micah. "Kíláàsì máa yí lọ́dún tó ń bọ̀, wọn kì í sì í gba kíláàsì òkè sínú ìdíje náà. Tí a ò bá gba ife yìí, a ò tún rí i gbà mọ́ láyé."

Lọ́jọ́ Sátidé, bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ gbé gbogbo wọn lọ sí Ìjagun, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje náà. Ẹ̀wù ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wọ̀. Ti Micah há a níkùn. Orí itan ni Rose gbé Máyà lé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Wọ́n dán an wò lórí pákó tó wà níta gbọ̀ngàn. Kò yà. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó dúró, wọ́n ń wò ó. Inú Rose dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ọkùnrin kan yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Rose fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ó wúkọ́ díẹ̀, ó gbé Máyà, àwọn mẹ́ta yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin náà na apá dí wọn lọ́nà, ó ní lọ́dún yìí, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń wọlé, kí àwọn òbí lọ jókòó sábẹ́ kánópì, ni Rose bá gbé Máyà lé ọmọ rẹ̀, Jọmílójú, lọ́wọ́, ọmọ náà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Mọ́mì, èwo ni iwájú ẹ̀?"