Páànù Tí Kò Jò

"Ẹ bọ́ sábẹ́ àtíbàbà, Aunty, òjò ti ṣú."

Akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbèjà àwọn ayálégbé ní Kétu ló sọ bẹ́ẹ̀. Onídìrí tó wá fẹjọ́ sùn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ l'Álápẹ̀rẹ̀ ti ṣí gbogbo páànù orí ilé lọ, kí ó lè kó jáde tipátipá. Láti ìjẹta ni òjò ti ń pa òun àti ọmọ rẹ̀ nínú yàrá.

Alábẹ̀wò tí ìjọba rán wá wo bí ọ́fíìsì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ dúró nítòsí pẹ̀lú ọ̀gá ibẹ̀.

"Àtíbàbà yìí dáa o. Ta ló ṣe é?"

"Lánlọ́ọ̀dù kan l'Álápẹ̀rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án fún wa, sà. Ọ̀fẹ́ ni. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ wa."

Onídìrí náà gbójú sókè. Lára páànù tó ti dógùn-ún, ó rí àwọn ihò tí wọ́n yọ́ irun atáṣímẹ́ǹtì pupa fi dí.

Òjò dé. Alábẹ̀wò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kò sí ẹ̀kán kan.

"Kò tiẹ̀ jò rárá."

"Kò lè jò, sà," onídìrí náà dáhùn. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi dí i."