Ìdánwò Inú Ọkọ̀ Pàjáwìrì

Àpótí oògùn inú ọkọ̀ pàjáwìrì kì í ṣí mọ́ bí òṣìṣẹ́ kò bá kọ́kọ́ yege ìdánwò òòjọ́. Tinúadé ń dáhùn tirẹ̀ lọ́wọ́, bàbá arúgbó tó wá gbé sì ń mí gúlegúle.

"Àlàmú o! Àlàmú ọkọ mi, má lọ o!" Ìyàwó bàbá ń fi oríkì pè é padà.

Àpótí gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní, "Ẹnì kan ń sọ ìdáhùn fún yín. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é mọ́."

"Háà! Ta ni yóò wá pè é?"

Síbẹ̀, ìyá fi ìborùn bo ẹnu. Tinúadé dáhùn gbogbo ìbéèrè bó ti yẹ. Àpótí ṣí, ó kí i kú oríire. Bàbá ò mí mọ́.

Ìyá yọ ìborùn lẹ́nu. "Ọmọ mi, ṣé mo ti lè pè é wàyí?"