Orúkọ Màmá Antoinette

Dókítà Cyprien kì í pariwo. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kàn yọjú sí yàrá Ràsáàkì ní ilé ìwòsàn Dassa, ó ní láti ọjọ́ mọ́kànlá tí òun ti gba iṣẹ́, òun ò tíì rí ìwé kankan láti abúlé Kpingni. Ṣé ara gbogbo wọn le níbẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ràsáàkì ò rẹ́rìn-ín. Àmínátù ìyàwó rẹ̀ wà ní Kpingni lọ́dọ̀ ìyá tó bí i, oyún oṣù mẹ́jọ nínú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wú. Oyún àkọ́kọ́ bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lésìí. Bẹ́ẹ̀ òfin ibẹ̀ ni pé nọ́ọ̀sì ìgbèríko kì í dá aláboyún gbé wá sílùú. Ó ní láti kọ̀wé sí Dassa lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n dá a lóhùn ná.

Ràsáàkì ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wá a kàn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa há nọ́ńbà gígùn sórí? Ló bá fún wọn lórúkọ, ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà sínú àkọsílẹ̀ kan. Bí ẹ̀rọ Kpingni bá fẹ́ ránṣẹ́, yóò bi àkọsílẹ̀ yẹn léèrè níbi tí lágbájá wà, yóò gba nọ́ńbà, yóò ránṣẹ́ síbẹ̀. "Serveur Un", ìyẹn ẹ̀rọ kìíní, ló kọ́kọ́ pe ẹ̀rọ Dassa. Kò sẹ́ni tó kọ ohunkóhun sí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ní èèyàn làwọn ń kọ̀wé sí, àwọn kì í kọ̀wé sí àpótí. Ó sọ ọ́ ní Antoinette, orúkọ agbẹ̀bí àgbà tó ń dá wọn lóhùn, ni ìwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé.

Nígbà tí Màmá Antoinette fẹ̀yìn tì, dókítà tuntun dé, ẹ̀rọ tuntun dé, wọ́n sì fi ẹ̀rọ àtijọ́ ta Màmá lọ́rẹ bó ṣe wà, tòun ti nọ́ńbà rẹ̀. Ràsáàkì fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sílé rẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, ó so ó mọ́ òpó ìkànsíraẹni tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ní kí wọ́n má pa á. Kò pa orúkọ náà rẹ́. Tó bá pa á rẹ́, wọn á ní Màmá ti kú ni. Nọ́ńbà ẹ̀rọ tuntun ló kàn fi sí iwájú orúkọ náà, ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Lẹ́yìn tí Cyprien jáde lọ, ó jókòó, ó wo ẹ̀rọ Kpingni láti ibi tó wà. Kò pẹ́ tó fi rí i. Nọ́ńbà àtijọ́ ló ṣì dì mú. Òun Ràsáàkì náà ló sọ fún ẹ̀rọ náà nígbà òjò pé nọ́ńbà tó bá ti gbà, kó tọ́jú rẹ̀ fún ogójì ọjọ́ láì béèrè mọ́, nítorí pé ìlà Kpingni kì í yé já. Ó ti gbàgbé. Gbogbo ìwé tí Kpingni fi orúkọ Antoinette rán, ilé Màmá ló lọ.

Ó pe Estelle, nọ́ọ̀sì tuntun tó wà ní Kpingni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Estelle wí. "Màmá ń dá wa lóhùn dáadáa. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ ni èsì á ti dé."

Ó ní Màmá ò gbà kí wọ́n gbé Àmínátù kiri, ó ní kó sinmi, òun ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dún létí Ràsáàkì bí ohun tó ti gbọ́ rí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí Màmá ṣe máa ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Estelle gbé fóònù fún Àmínátù. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọkọ òun má dààmú, Màmá tó gbẹ̀bí òun náà ló tún fẹ́ gba ọmọ òun.

"Kò gbàgbé mi," ló wí.

Ọkàn Ràsáàkì rọ̀. Ó na ọwọ́ láti tún nọ́ńbà tí ẹ̀rọ Kpingni dì mú ṣe, ó tún fà á sẹ́yìn. Bó bá yí i padà nísinsìnyí, ọ̀dọ̀ Cyprien ni ìwé á máa lọ, ọkùnrin tí kò mọ Àmínátù rí. Ẹ jẹ́ kí Màmá parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ra ọsàn mẹ́fà, ó gun alùpùpù zémidjan lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, kó sì béèrè ọjọ́ tó fẹ́ lọ sí Kpingni, kí òun lè gbé e lọ.

Bàbá Mathieu, ọkọ Màmá, ń bó ẹ̀pà níwájú ilé. Wọ́n kíra dáadáa. Ràsáàkì béèrè Màmá.

"Ó wà ní Parakou lọ́dọ̀ Gisèle, ọmọ wa," ni bàbá náà wí. "Ọjọ́ kejì tó fẹ̀yìn tì ló ti lọ."

"Ẹ̀rọ ńkọ́, Bàbá? Ṣé ó gbé e lọ ni?"

"Ó wà ní yàrá. O ní ká má pa á, a ò pa á. Aṣọ ni mo ta bò ó nítorí eruku."

Ràsáàkì wọ yàrá, ó ká aṣọ náà kúrò, ó sì rí ìbéèrè mẹ́tàlá láti ọwọ́ Estelle lójú ẹ̀rọ, èyí tó kẹ́yìn kò tíì pé wákàtí kan, ó ní ojú Àmínátù ti ń ṣú, ṣé kí àwọn máa gbé e bọ̀, àti lábẹ́ gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn tí òun Ràsáàkì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ náà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kí ẹ̀rọ lè máa dá a sọ nígbà tí Màmá ò bá sí nídìí rẹ̀, kí ẹ̀rù má bàa ba àwọn tó ń dúró: "Mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ má gbé e kiri. Mò ń bọ̀."