Ìkúnlẹ̀ ní Gìràńádà

Kò sí àlejò tó ń wo Gìràńádà, ìlú àtijọ́ nílẹ̀ Sípéènì, lásán mọ́. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, dandan ni kó jagun. Lẹ́nu ibodè ààfin pupa tí àwọn ọba Mùsùlùmí kọ́ láyé ijọ́un ni wọ́n ti fún Morádékẹ́ ní idà, tí wọ́n so aṣọ aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lápá. Ìyá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá wo aṣọ náà, ó ní pupa, ti ikọ̀ kejì, ni kí wọ́n so mọ́ tòun.

"Ẹ má bẹ̀rù," ni obìnrin tó ń mú wọn kiri wí. "Ẹ̀rọ á jí gbogbo òkú kó tó di àsìkò oúnjẹ alẹ́. Ìrora nìkan la ò rí nǹkan ṣe sí."

Kò pẹ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀ tí omi adágún inú àgbàlá fi pọ́n bí osùn. Morádékẹ́ gé apá ọkùnrin kan já, ó ta á nípàá sínú omi, ó yíjú, ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ pàdé lẹ́yìn òpó. Kó tó rántí pé ọ̀tá làwọn, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Óò, ìyàwó wa. O káre." Ìyá rọra ká ìborùn kúrò lọ́rùn Morádékẹ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé idà sókè. "Tó o bá jí, má sọ fún ọkọ ẹ o."