Ọba Dí Kòtò Tán

Àlọ́ mi gba ọ̀nà odò lọ, ó bá Etu abiyamọ níbẹ̀.

Lọ́dọọdún ni Ẹfọ̀n ọba ń ṣèlérí pé òun yóò tún ọ̀nà odò ṣe. Etu gbà á gbọ́, títí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ fi kán sínú kòtò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba àárín ẹ̀gún.

Ojú wá ti Ẹfọ̀n, ó tún ọ̀nà ṣe dáadáa, ó sì ń kọrin:

"Ẹ bọ́ sọ́nà o!"

Àwọn ẹranko ń gbè é láti inú igbó:

"Ó di ìgbà tá a bá rí i!"

"Etu, kòtò ti dí."

"Kábíyèsí, bẹ́ẹ̀ lẹ wí léṣìí."

Ẹfọ̀n gba agbè omi lórí Etu, ó ṣíwájú lójú ọ̀nà. Etu wò ó títí, kó tó gbé ẹsẹ̀ kan sọ́nà.

Títí dòní, etu kì í bọ́ sójú ọ̀nà láìkọ́kọ́ dúró wò ó.