Fóònù Waisale Ṣú Lójú Omi

Àna mi Waisale gbá mi létí, ọkọ̀ ojú omi wa fẹ́ẹ̀ dojú dé.

"O ti ba fóònù mi jẹ́! Ó ṣú dúdú!"

Inú ẹ̀ ni máàpù wà, ìgbì sì ń gbé wa lọ kọlu òkúta.

"Oòrùn ni, àna! Fi kún iná ẹ̀!"

"Ó ti kún tán, olórí àgbọn!"

Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì ṣíji bò ó. Ó ṣì dúdú.

Ó fi àjẹ̀ là mí lórí. Mo fi ẹja walu gbá a lẹ́nu, eyín kan fò.

Mo tún ju ẹ̀ṣẹ́ sí i lójú.

Gíláàsì dúdú tó ń pa dídán omi, tá a fi ń wo ẹja lábẹ́ omi, já bọ́ lójú ẹ̀.

"Háà! Fóònù ti tàn! Gíláàsì ló ń pa iná ẹ̀!" Waisale kígbe.

Ó yí ọkọ̀ kúrò lọ́nà òkúta.

Mo rọra bọ́ tèmi náà lójú, mo fi sápò.