Òkúta Tó Ń Bọ̀ Lọ́jọ́ Ẹtì

Níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo ojú sánmà ni ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ṣírò ọ̀nà tí àwọn òkúta ojú sánmà ń tọ̀ bí wọ́n ṣe ń yí oòrùn po, kó lè sọ èyí tó máa sún mọ́ ayé. Táyà ni ọkọ ń tà. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òkúta ni ìyàwó òun ń kà jẹun.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọkọ ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì, ìyàwó ń bu tíì.

"Dádì, ẹ rántí òkúta ńlá tí à ń ṣọ́? Kò ní yà fún wa mọ́. Ọjọ́ Ẹtì."

Ọkọ gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Rédíò ò sọ nǹkan kan."

"Ṣé kí ìlú dàrú ni?"

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí o wá sinmi nílé?"

"Iṣẹ́ wo ló tún kù níbẹ̀?"

Ọkọ fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìyàwó. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó ti ń bi í léèrè ibi tó ń sùn ní gbogbo Sátidé, tí òun náà ń fi sàréè ìyá rẹ̀ búra pé ìpàdé àwọn ọlọ́jà táyà ni.

"Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ nínú," ìyàwó ní, "ẹ má gbé e dé ọ̀run."

"Obìnrin kan wà. Ó ti bímọ fún mi."

"Mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Ìpàdé yẹn mà so èso o."

"Ṣé wàá bínú bí mo bá lọ bá wọn, kó tó já lù wá?"

"Ẹni tó ń kú lọ, ìbínú kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹ kó aṣọ yín dání. Ẹ má lọ dé ọ̀run níhòòhò."

Ó bá a ká ṣẹ́ẹ̀tì gbogbo, títí kan èyí tó ti ya lábíyá. Àpótí méjì kún. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bá gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń yọ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn.

"Kí lo tún ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ sí, nígbà tí ayé ń parẹ́?"

"Kí òkúta má baà gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni," ìyàwó dá a lóhùn.

Ọkọ mi orí. Ó nu ojú, ó ní, "Ìyàwó rere ni ọ́," ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìyàwó dán kọ́kọ́rọ́ tuntun wò, ó tì í, ó wá jókòó sídìí tíì rẹ̀, torí ó ṣì ku díẹ̀ nínú ìsinmi tí ọ̀gá fún gbogbo wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí òkúta náà ré ayé kọjá láìfọwọ́kan ẹnikẹ́ni, tó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.